Olórí tàbí Olorì? Ojú tí Àwọn Òǹkàwé Fi Wo Ìwé Ìtàn Aláwòrán Iyanu, àti Àríyànjiyàn Àtijọ́ tí Ó Wà Lẹ́yìn Rẹ̀

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021, ilé-iṣẹ́ atẹ̀wéjáde Dark Horse ní Amẹ́ríkà gbé ìdìpọ̀ kìn-ín-ní ìwé ìtàn aláwòrán kan jáde tí àkọlé rẹ̀ ń jẹ́ Iyanu: Child of Wonder. Roye Okupe, tí ó dàgbà ní Èkó tí ó sì wá fi Amẹ́ríkà ṣe ibùgbé, ni ó kọ ìtàn náà. Godwin Akpan ni ó ya àwòrán rẹ̀. Ọmọdébìnrin aláìlóbìí kan ni ìtàn náà dá lé lórí. Ẹ̀yìn odi ìlú Elu ni ó ń gbé, lábẹ́ ìtọ́jú obìnrin kan tí wọ́n ti lé kúrò láàrin ìlú, ní àkókò tí ègún ti mú àwọn ẹranko igbó ya wèrè tí wọ́n sì ń dọdẹ ènìyàn. Agbára kan wà lára ọmọ náà tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀. Yorubaland ni òǹkọ̀wé pe ilẹ̀ tí gbogbo èyí ti ń ṣẹlẹ̀.

Orúkọ obìnrin tí ó tọ́ ọmọ náà dàgbà ni Olori. Bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé nìyẹn, láìsí àmì ohùn kan ṣoṣo lórí rẹ̀. Òǹkàwé tí kò gbọ́ Yorùbá yóò kà á bí ó ti ń ka orúkọ yòókù, yóò sì máa bá ìtàn lọ. Ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá yóò dúró díẹ̀. Ṣé olórí ni, ẹni tí ó ṣíwájú àwọn ẹlòmíràn, àbí olorì, aya ọba? Ọ̀rọ̀ méjèèjì jọ ara wọn lójú ìwé, ṣùgbọ́n wọ́n jìnnà síra pátápátá lẹ́nu. Olórí tí wọ́n lé kúrò nílùú, ọ̀rọ̀ ìṣèlú ni. Olorì tí wọ́n lé kúrò nílùú, ọ̀rọ̀ ààfin ni, ó sì lè jẹ́ ọ̀rọ̀ orogún pẹ̀lú. Òǹkàwé bẹ́ẹ̀ ti ń ka ìtàn méjì pọ̀ kí ó tó mọ èyí tí òǹkọ̀wé ní lọ́kàn.

Kò sí ohun tí ó burú nínú kí orúkọ ru ìbéèrè sókè. Ohun tí ó gba àkíyèsí ni pé ìbéèrè yìí kò lè wá sí ọkàn ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí a tẹ ìwé náà fún. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ ọ́, ọjà Amẹ́ríkà ni ó kọ́kọ́ bọ́ sí, owó dọ́là ni a fi díye lé e. Síbẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá ni ó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, orúkọ Yorùbá sì ni púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀ ń jẹ́. Láti ìbẹ̀rẹ̀ pàá, òǹkàwé oríṣi méjì ni ìwé náà ní, ibi tí oríṣi kan ti ń gbádùn ni oríṣi kejì ti ń béèrè ọ̀rọ̀. Àríyànjiyàn tí ó wà láàrin wọn ti dàgbà ju ìwé náà lọ. Kí ó tó lè yé ènìyàn dáadáa, ó di dandan láti padà sí ọdún 1938.

Àwọn tí ó ka Fágúnwà, àwọn tí ó ka Tútùọlá

Ní ọdún 1938 ni ilé ìtàwé CMS ní Èkó tẹ Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde. Olùkọ́ ni D. O. Fágúnwà nígbà náà, àwọn tí ó kọ́kọ́ ka ìwé rẹ̀ sì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ bíi tirẹ̀. Nígbà tí ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1955, àwọn ọmọ tí ó lè ka Yorùbá di ọ̀pọ̀ yanturu, Fágúnwà sì wà lára ohun tí wọ́n bá pàdé nínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́. Irú òǹkàwé báyìí ní ohun tí ó máa ń sọ nípa ìwé. Ó lè sọ pé ìwàásù Fágúnwà ti pọ̀ jù. Ó lè sọ pé Bunyan ni ó kọ́ ọ bí a ṣe ń fi ìrìn-àjò kọ́ni ní ẹ̀kọ́. Ayọ̀ Bámgbóṣé, nínú ìwé tí ó kọ lórí àwọn ìtàn-àròsọ wọ̀nyí ní ọdún 1974, gbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ yẹ̀wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n kò sí òǹkàwé tí ó béèrè pé kí ni ń jẹ́ irúnmalẹ̀, tàbí kí ni iwin fi yàtọ̀ sí ẹbọra. Ìmọ̀ yẹn ti wà nílé kí ìwé tó dé.

Ó tọ́ kí a sọ ọ́ níhìn-ín pé àwọn ìwé Fágúnwà pàápàá kò fi àmì ohùn sórí gbogbo ọ̀rọ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ dá Okupe lẹ́bi nítorí Olori kò gbọdọ̀ gbàgbé èyí. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé gbólóhùn Yorùbá ni ó yí ọ̀rọ̀ Fágúnwà ká; bí àmì bá sọnù lórí ọ̀rọ̀ kan, àwọn ọ̀rọ̀ tí ó wà níwájú àti lẹ́yìn yóò dá ohùn rẹ̀ padà fún un. Olori inú Iyanu dá dúró láàrin Gẹ̀ẹ́sì bí àlejò tí kò rí ará ilé rẹ̀ kan kó bi í léèrè ọ̀nà.

Amos Tútùọlá ni ó gbé ọ̀rọ̀ náà dé iwájú òǹkàwé oríṣi kejì. Ìránṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba kan ní Èkó ni. Ní ọdún 1952, ilé-iṣẹ́ Faber and Faber ní Lọ́ńdọ̀nù tẹ The Palm-Wine Drinkard jáde, akéwì Dylan Thomas sì yìn ín gidigidi nínú ìwé ìròyìn The Observer ní oṣù Keje ọdún náà. Ìyìn yìí ni ó dá àríyànjiyàn sílẹ̀ nílé. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, lẹ́tà àwọn òǹkàwé bẹ̀rẹ̀ sí í yọ nínú ìwé ìròyìn West Africa. Èyí tí ó jáde ní oṣù Kẹrin ọdún 1954 le gan-an: ẹni tí ó kọ ọ́ sọ pé kò yẹ kí a tẹ ìwé náà jáde rárá, pé èdè inú rẹ̀ kì í ṣe ti Òyìnbó kì í sì í ṣe ti ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, àti pé inú Ògbójú Ọdẹ ti Fágúnwà ni Tútùọlá ti bu ohun tí àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù ń pè ní tuntun. Ní oṣù Kẹfà, Adéagbo Akínjógbìn, tí ó padà wá di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká òpìtàn, kọ tirẹ̀. Ohun tí ó ká a lára ni pé irú ìwé báyìí yóò fi ìdí ẹ̀gàn tí àwọn ará Yúróòpù ní sí Áfíríkà múlẹ̀, nítorí wọn kò ní kà á bí àlọ́. Wọn yóò kà á bí ìròyìn.

Ọ̀pọ̀ lámèyítọ́ tí ó wá lẹ́yìn ti fi àwọn lẹ́tà wọ̀nyí ṣe yẹ̀yẹ́, bí ẹni pé ìtìjú àwọn ọ̀mọ̀wé kéékèèké ni wọ́n fi hàn. Ìdájọ́ yìí kò tọ́ tán. Ohun tí lẹ́tà oṣù Kẹrin sọ nípa gbèsè Tútùọlá sí Fágúnwà kì í ṣe irọ́; àwọn onímọ̀ tí ó tẹ̀ lé e, Bernth Lindfors àti Abíọ́lá Ìrèlé lára wọn, jẹ́rìí sí i, bí wọn kò tilẹ̀ kà á sí ẹ̀ṣẹ̀. Ibi tí ìwúlò lẹ́tà méjèèjì sì wà gan-an ni ohun tí wọn kò sọ. Kò sí èyí tí ó jiyàn lórí bóyá ìtàn náà dùn. Ẹni tí ń gbọ́ ìtàn náà ni wọ́n ń ronú lé lórí, àti ohun tí ó lè ṣe pẹ̀lú ohun tí ó gbọ́. Àlọ́ tí a pa lójú agbo, àwọn elégbè wà níbẹ̀ tí wọ́n mọ ibi tí àsọdùn bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí a bá gbé àlọ́ yẹn lọ sí ibi tí kò sí elégbè, ta ni yóò sọ fún olùgbọ́ pé àlọ́ ni?

Wọlé Ṣóyínká dáhùn ìbéèrè yìí ní ọ̀nà tirẹ̀ ní ọdún 1968, nígbà tí ilé-iṣẹ́ Nelson tẹ ìtumọ̀ Ògbójú Ọdẹ tí ó ṣe jáde pẹ̀lú àkọlé The Forest of a Thousand Daemons. Ó mọ̀ọ́mọ̀ lo daemon ní àkọtọ́ àtijọ́ kí òǹkàwé má baà rò pé èṣù inú Bíbélì ni a ń wí. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì kò ní ọ̀rọ̀ fún àwọn ẹ̀dá inú igbó, ó ṣẹ̀dá tirẹ̀. Ghommid jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń mú kí ẹsẹ̀ òǹkàwé Gẹ̀ẹ́sì kọ. Ó ń rán an létí ní ojú ewé kọ̀ọ̀kan pé ilẹ̀ tí ó wà kì í ṣe tirẹ̀, pé ó ní láti fara balẹ̀ rìn. Okupe kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí gbogbo ọmọdé mọ̀ ni ó fi pe àwọn ẹranko tí ègún mú: the Corrupt. Òǹkàwé Amẹ́ríkà lè sáré nínú ìwé rẹ̀ láìkọsẹ̀. Ìyàtọ̀ yìí ni ó fa ìyìn tí ìwé náà ń gbà pé ó rọrùn láti wọ̀, òun kan náà ni ó sì fa ìráhùn pé igbó inú rẹ̀ lè jẹ́ igbó ibikíbi.

Ohun kan wà tí àwọn tí ó ń jiyàn lórí èdè Iyanu kì í sábà mẹ́nu bà. Ọ̀rọ̀ Yorùbá nínú ìtàn aláwòrán kì í ṣe ohun tuntun. Láti ọdún 1967 ni ilé-iṣẹ́ West African Book Publishers ti ń gbé ìwé ìròyìn Atọ́ka jáde ní Èkó. Fọ́tò ni wọ́n fi ń sọ ìtàn níbẹ̀, kì í ṣe àwòrán ọwọ́. Àwọn ẹgbẹ́ òṣèré bíi ti Kọ́lá Ògúnmọ́lá, Dúró Ládiípọ̀ àti Oyin Adéjọbí ni wọ́n ń yà, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn sì wà lójú fọ́tò ní Yorùbá. Ẹni tí kò lè ka ìwé gígùn a máa ka Atọ́ka, àwọn tí ó ń ra àwọn ìwé náà kò sì retí kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ wọn. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé ọ̀rọ̀ Yorùbá ti gùn jù fún àyè róbótó tí a ń kọ ọ̀rọ̀ sí nínú kọ́míìkì, tàbí pé àmì ohùn yóò ba ojú àwòrán jẹ́, ìtàn kò gbè é. Òǹkàwé ni ó dín kù. Ọmọ tí òbí rẹ̀ ka Atọ́ka ní Ìbàdàn lè má lè ka ojú ewé kan nínú Igbó Olódùmarè lónìí, ilé ẹ̀kọ́ sì wà lára ohun tí ó fà á.

Ohun tí ojú rí

Okupe kò bẹ̀rẹ̀ láti orí Iyanu. Ọdún 2012 ni ó dá YouNeek Studios sílẹ̀. Owó tí àwọn òǹkàwé dá jọ lórí Kickstarter ni ó fi gbé ìwé E.X.O. jáde ní ọdún 2015, ìtàn akọni kan ní ìlú tí ó fara jọ Èkó. Malika: Warrior Queen, tí ó gba ìmísí láti ara Amina ti Zazzau, tẹ̀ lé e ní 2017. Ní oṣù Kejì ọdún 2021 ni Dark Horse kéde pé òun yóò tẹ ìwé mẹ́wàá jáde láti ọwọ́ ilé-iṣẹ́ náà. Nínú gbogbo wọn, Iyanu ni ó jinlẹ̀ jù lọ nínú ohun tí ó jẹ mọ́ Yorùbá, òun sì ni àwòrán rẹ̀ mú ìyìn tí ó pọ̀ jù wá.

Lórí àwòrán yìí ni àwọn òǹkàwé oríṣi méjèèjì ti fohùn ṣọ̀kan. Akpan kì í fi ìlà dúdú há àwọ̀ mọ́. Ó ń kun ún bí ẹni tí ń kun àwòrán ara ògiri, ìmọ́lẹ̀ a sì máa wá láti ibi kan pàtó nínú àwòrán kọ̀ọ̀kan, àárọ̀ tàbí ìrọ̀lẹ́ tàbí iná. Ó mọ bí ìmọ́lẹ̀ ti ń bọ́ sára awọ dúdú. Èyí kì í ṣe ohun kékeré nínú iṣẹ́ kọ́míìkì, níbi tí ọ̀pọ̀ ayàwòrán ti máa ń fi àwọ̀ ilẹ̀ kan ṣoṣo kun gbogbo ènìyàn dúdú.

Orúkọ Akpan ń tọ́ka sí ẹkùn Akwa Ibom àti Cross River, kì í ṣe sí ilẹ̀ Yorùbá. Bruce Onobrakpeya, tí ó ya àwòrán inú ìtumọ̀ Ṣóyínká ní 1968, ọmọ Urhobo ni. Ó ṣẹlẹ̀, nígbà náà, pé nígbà méjèèjì tí ìtàn mérìíyìírí Yorùbá bá àwòrán wọ inú èdè Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí èdè Yorùbá kì í ṣe èdè abínibí rẹ̀ ni ó fún un ní ojú. Kò sí òǹkàwé tí inú rẹ̀ bàjẹ́ sí èyí, kò sì yẹ kí inú ẹnikẹ́ni bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ohun tí àwọn òǹkàwé ń bèèrè lọ́wọ́ ọ̀rọ̀ kì í ṣe ohun tí wọ́n ń bèèrè lọ́wọ́ àwòrán. Wọ́n fẹ́ kí ọ̀rọ̀ jẹ́ ọmọ ilé. Wọ́n gbà kí àwòrán jẹ́ àlejò.

Ó sì jẹ́ àlejò lóòótọ́. Nínú ìwé Fágúnwà, inú ọ̀rọ̀ ni àwòrán wà. Ojú mẹ́rìndínlógún ni Agbákò ní, òǹkọ̀wé sì sọ bí wọ́n ṣe yí orí rẹ̀ ká. Lẹ́yìn náà, òǹkàwé kọ̀ọ̀kan ni yóò dá Agbákò tirẹ̀. Onobrakpeya kò gba iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ òǹkàwé: àwòrán dúdú-lórí-funfun rẹ̀ kún fún ọ̀nà ara débi pé ènìyàn ní láti wò ó pẹ́ kí ó tó mọ ibi tí apá parí sí tí igi bẹ̀rẹ̀. Ti Akpan parí sójú ewé. Ìwọ̀n ara ènìyàn inú rẹ̀ ni èyí tí ìwé aláwòrán Amẹ́ríkà àti ti Japan ti mú kí ojú gbogbo ayé mọ́ lára. Agbẹ́gilére Yorùbá kò gbẹ́ ènìyàn báyẹn. Orí ni ó fi ń ṣáájú. A máa gbà tó ìdá mẹ́rin gbogbo ère, nítorí orí ni ó ru ìpín ènìyàn.

Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀ ni àpẹẹrẹ tí ó dára jù fún ohun tí ó ṣeé ṣe. Ní nǹkan bí ọdún 1938, ọdún tí Ògbójú Ọdẹ jáde, ni ó kú. Ilẹ̀kùn tí ó gbẹ́ fún ààfin Ọgọ̀gà Ìkẹ́rẹ́, tí wọ́n gbé lọ sí ìpàtẹ ńlá ní Wembley ní ọdún 1924 tí ó sì wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé British Museum títí di òní, pín sí abala abala láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ní apá kan, Ọgọ̀gà jókòó sórí ìtẹ́ pẹ̀lú adé lórí, aya rẹ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ní apá kejì, àwọn tí ń ru ẹrù gbé òṣìṣẹ́ ìjọba Òyìnbó kan bọ̀. Àwọn ènìyàn àti ẹranko kún àwọn abala yòókù. Ènìyàn kò ní pe èyí ní kọ́míìkì láìṣe àsọdùn. Síbẹ̀, bí ojú ti ń ti abala kan bọ́ sí òmíràn, tí ó ń fi ọba tí ó jókòó wé àlejò tí wọ́n ń gbé bọ̀, iṣẹ́ tí ó ń ṣe kò jìnnà sí èyí tí ó ń ṣe nínú ìwé Akpan. Kò tíì sí ìdìpọ̀ Iyanu kan tí ó gbìyànjú láti fi ojú Ọlọ́wẹ̀ yàwòrán. Bóyá àwọn òǹkàwé tí ó yìn ín kò bá ti yìn ín bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀. Ojú tí ó ti mọ́ ìwọ̀n ara kan lára ni wọ́n mú wá sídìí ìwé náà.

Ibi tí àwọn òrìṣà wà

Kì í ṣe Ṣàngó tàbí Ọ̀ṣun ni ó fún ọmọdébìnrin inú Iyanu ní agbára. Àwọn ẹ̀dá kan tí òǹkọ̀wé ṣẹ̀dá, tí ó pè ní Divine Ones, ni orísun rẹ̀. Ìpinnu yìí ni ó jẹ́ kí ìwé náà lè wọ ilé Mùsùlùmí àti ilé Kìrìsìtẹ́ẹ́nì láìsí ìjà, ó sì ń gba oníṣẹ̀ṣe náà lọ́wọ́ ìdààmú kan: kò sí ẹni tí yóò rí òrìṣà tí ó ń bọ láàárọ̀ tí wọ́n ń nà án ní pàṣán nínú ìwé ọmọdé lálẹ́. Ohun tí ó ná ìwé náà kò farasin. Yorubaland tí kò ní òrìṣà dà bí ọjà tí a yọ àwọn àgbà kúrò nínú rẹ̀. Títà àti rírà ń lọ, ṣùgbọ́n bí ìjà bá ṣẹlẹ̀, kò sí ẹni tí a lè pè.

Ní Salvador, ní ìpínlẹ̀ Bahia ní orílẹ̀-èdè Brazil, Hugo Canuto gba ọ̀nà kejì. Ìwé rẹ̀, Contos dos Orixás, tí ó jáde ní ọdún 2019 lẹ́yìn tí àwọn òǹkàwé ti dá owó jọ fún un, fi àwọn òrìṣà fúnra wọn ṣe akọni: Xangô, Oxum, Exu, ní àkọtọ́ Potogí. Ọ̀nà tí Jack Kirby gbà ń ya àwọn akọni Amẹ́ríkà ni ó fi yà wọ́n. Níhìn-ín, èrò òǹkàwé kò lè dúró sórí ẹwà nìkan, nítorí àwọn ọmọ ilé Candomblé wà lára àwọn tí ó ń kà á. Brazil jẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ti ń kọlu ilé òrìṣà, tí àwọn oníwàásù kan sì ń pe Èṣù ní Sátánì láìdẹ́kun. Lójú ọmọ tí wọ́n fi ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́, Xangô tí ó dúró lójú ewé pẹ̀lú oṣé lọ́wọ́ rẹ̀ ju àwòrán lọ. Akọni tí ó jẹ́ ti ilé rẹ̀ ni.

Ó yẹ kí a kíyè sí i pé kò sí ẹni tí ń bá Canuto jà nítorí àmì ohùn, bẹ́ẹ̀ sì ni Xangô kò ní àmì ohùn Yorùbá. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti rí. Àkọtọ́ yẹn ní ìtàn tirẹ̀. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú ni wọ́n gbé orúkọ náà dé ibẹ̀. Nínú orin àti nídìí ìlù ni wọ́n ti tọ́jú rẹ̀, Potogí sì wá fún un ní aṣọ. Kò sí òǹkàwé Bahia tí ó ń retí kí ìwé sọ fún un bí a ti ń pe orúkọ òrìṣà rẹ̀, nítorí ó ti gbọ́ ọ kí ó tó kà á. Ìwé Iyanu kò ní irú agbo bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ohun tí ojú ewé kò bá sọ, kò sí ẹlòmíràn tí yóò sọ ọ́.

Bahia yìí kan náà ni Tomi Adeyemi, ọmọ Amẹ́ríkà tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ti rí àwòrán àwọn òrìṣà tí ó sún un kọ Children of Blood and Bone, ìtàn-àròsọ tí ó jáde ní 2018. Orïsha ni ó pe ilẹ̀ inú ìwé rẹ̀, pẹ̀lú àmì tóótòòtó méjì lórí ï tí kò sí nínú àkọtọ́ Yorùbá kankan. Àmì náà kò sọ ohùn, ọ̀ṣọ́ ni. Bí a bá fi èyí wé Olori tí kò ní àmì rárá, ó ṣòro láti mọ èyí tí ó sàn jù. Iwájú, eré kàtúùnù tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Kugali bá Disney ṣe ní 2024, kọ orúkọ rẹ̀ pẹ̀lú àmì tí ó tọ́ lójú gbogbo ayé, ayé kò sì fọ́.

Iyanu náà ti di kàtúùnù. Lion Forge Animation ni ó ṣe é, ó sì bẹ̀rẹ̀ lórí Cartoon Network ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹrin ọdún 2025. Àwọn òṣèré ọmọ Nàìjíríà ni wọ́n sọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, Adesua Etomi-Wellington àti Shaffy Bello lára wọn. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n orúkọ àwọn ẹ̀dá-ìtàn kò yí padà, ẹnu kò sì ní ànfààní tí ìwé ní. Lórí ìwé, ènìyàn lè kọ Olori kí ó sì fi ohùn rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tí yóò kà á. Níwájú ẹ̀rọ agbóhùnsílẹ̀, ẹni tí ó kọ́kọ́ pe obìnrin náà ní láti yan olórí tàbí olorì, tàbí kí ó pè é bí Òyìnbó yóò ti pè é, ìyẹn náà sì jẹ́ yíyàn. Ní ọdún 2025 ni ìbéèrè tí ìwé gbé kalẹ̀ ní 2021 tó bọ́ sí ẹnu ẹnìkan tí ó gbọ́dọ̀ dáhùn rẹ̀, nínú yàrá tí a ti ń gba ohùn sílẹ̀, kí iṣẹ́ ọjọ́ náà tó lè tẹ̀síwájú.